Fáìlì tí Mo Fọwọ́ Sí Láì Ṣí

Lọ́jọ́ tí mo padà sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, káàdì ìbánikẹ́dùn kan ni mo bá lórí tábìlì mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ní ìlú Richardson, lókè òkun níhìn-ín, ni pé wọ́n á fi káàdì sínú àpò pépà kan, àpò náà á sì máa ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á fọwọ́ sí i, á gbé e fún ẹni tó kàn. Káàdì ọjọ́ ìbí, káàdì ẹni tó bímọ, káàdì ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Mo ṣí i. Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn ń gbàdúrà fún mi. Ọ̀pọ̀ kàn kọ orúkọ wọn. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ẹnì kan fi bírò búlúù kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà, tó túmọ̀ sí pé: ẹ kú oríire, ó tọ́ sí yín, ẹ gbádùn ara yín dáadáa. Mo mọ ẹni tó ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ni.

N kò lè pe ohun tó ṣe mí ní ìbínú. Ìríra ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ti ọwọ́ bọ inú àpò ẹ̀wù tó ti pẹ́ níbi tó fi kọ́ sí, tí ọwọ́ rẹ̀ wá kan ohun tútù kan tó ń yọ̀. Mo da ojú káàdì náà délẹ̀. Mo ń bi ara mi pé irú èèyàn wo ló ń fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Mo jókòó pẹ̀lú ìbéèrè yẹn fún ìgbà díẹ̀, mo tilẹ̀ mu ife kọfí kan tán lé e lórí, kí n tó rántí ohun tí èmi náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó mi.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Iṣẹ́ wa ni kí a máa ba ríákítọ̀ jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ríákítọ̀ ni ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń fa ooru jáde lára yuréníọ̀mù, tí wọ́n á fi ooru náà se omi, tí oru omi náà á sì yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná. Kò sí ẹni tó lè lọ ba ojúlówó rẹ̀ jẹ́ kí ó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, a máa ń kọ gbogbo ara ẹ̀rọ náà sínú fáìlì ní ìlà ní ìlà, títí dórí páìpù tó kéré jù, a ó wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé iná ti lọ, pé àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi ti dúró. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó, a ó máa wo bí omi ṣe ń gbẹ, bí ooru ṣe ń gòkè, àti wákàtí tí ohun ìdáná inú rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ohun ìdáná àtijọ́ ni kóro yuréníọ̀mù kéékèèké tí wọ́n tò sínú ọ̀pá irin gígùn. Bí omi bá gbẹ, oru gbígbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà, gáàsì tó lè gbiná á máa jáde, ọ̀pá á ya, oró inú rẹ̀ á sì bọ́ síta. Ohun ìdáná tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé wọ́n fi nǹkan mìíràn bo ara ọ̀pá náà kí oru má tètè ráyè jẹ ẹ́. Àwọn tó ń ṣe èyí tuntun ló gbé iṣẹ́ fún wa: kí a fi jàǹbá kan náà lu méjèèjì, kí a sọ bí tuntun ṣe máa pẹ́ ju àtijọ́ lọ tó.

Ìyàwó mi máa ń fi iṣẹ́ yìí ṣe mí yẹ̀yẹ́. Bí mo bá dé sílé wa ní Rowlett, tí mo sì ń bọ́ bàtà, á pè mí láti inú kíṣìnì. Láti ìgbà tí a ti bí ọmọ wa obìnrin ni a ti ń pe ara wa ní Dádì àti Mọ́mì.

"Dádì, ṣé ẹ ti ba tòní jẹ́ tán?"

"Ó ti bàjẹ́ pátápátá."

"Ẹ kú iṣẹ́. Aláìsàn mẹ́fà ni èmi tún ṣe ní tèmi. Ẹ fọwọ́ kí ẹ wá jẹun."

Nọ́ọ̀sì ni. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ náà níhìn-ín. Ní wọ́ọ̀dù wọn, àwọn oògùn kan wà tí nọ́ọ̀sì kan kò gbọdọ̀ dá fún aláìsàn. Èkejì gbọ́dọ̀ wá fi ojú ara rẹ̀ wo ìgò oògùn, kí ó wo abẹ́rẹ́, kí ó wo orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn, kí ó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sáré wá bá a nígbà kan pé kí ó jọ̀ọ́ bá òun fọwọ́ sí i, pé òun ti fún aláìsàn náà tán, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ìyàwó mi kọ̀. Ọ̀rẹ́ náà kò kí i fún oṣù kan. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, mo bi í bóyá kò dùn ún.

Ó ní, "Kó má kí mi. Aláìsàn yẹn ń kí mi."

Lọ́fíìsì tiwa náà, èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ṣe é àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ ka àbọ̀ ìwádìí nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì fúnra rẹ̀, kí ó gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó kà wọ́n ní ìlà ní ìlà. Èmi ló yẹ kí n yẹ ti ohun ìdáná tuntun wò.

Jẹjẹrẹ ló pa ìyàwó mi, kò sì ju oṣù mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dání lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Ọ̀sán kan ni. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Àwọn ará ọ́fíìsì ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì pé àbọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn, Dádì?"

"Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Wọ́n ń fẹ́ kí n fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Ti ohun ìdáná tuntun yẹn?"

"Òun ni."

"Ṣé ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ojú nọ́ọ̀sì náà ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ yá fọwọ́ sí i, kí ẹ wá bá mi gbé ìrọ̀rí yìí sókè díẹ̀."

Mo tẹ nọ́ńbà tí mo fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́ sí i, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo gbé ìrọ̀rí sókè. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni mo ti kà. N kò ṣí fáìlì rárá. Ó kú ní ọjọ́ kẹta. A tún sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, nípa omi, nípa ọmọ wa, nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tutù. N kò fa ọ̀rọ̀ fáìlì yọ mọ́, òun náà kò fà á yọ.

Lọ́jọ́ káàdì yẹn, nígbà tí mo rántí, mo pinnu pé mo máa ṣí fáìlì náà kí n kà á. Kì í ṣe pé mo fura sí nǹkan kan. Mo ti sọ fún un pé mo ti kà á, mo sì rò pé bí mo bá kà á báyìí, ohun tí mo sọ á di òótọ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ kejì, kí n tó lọ jẹun ọ̀sán, mo rí i. Nínú irú fáìlì tiwa yìí, bí a kò bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ìlà kan, a kì í pa ìlà náà rẹ́. Àmì ìràwọ̀ kékeré kan là ń fi síwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fò ó. Nínú fáìlì àtijọ́, ìràwọ̀ wà níwájú ìlà tó ń ṣí omi láti inú táǹkì kan wá sí ara ohun ìdáná, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, nítorí pé nínú jàǹbá tí à ń ṣe, táǹkì yẹn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Nínú fáìlì tuntun, kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀. Omi ń ṣàn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ti fi àtijọ́ sílẹ̀ láì lómi, a sì ń fún tuntun ní omi mu lábẹ́lẹ̀, a wá kọ̀wé pé tuntun mà lágbára o.

Ẹni tó kọ fáìlì náà ni obìnrin Yorùbá kan tí tábìlì rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ìyá Ìbejì ni mo ń pè é. Mo ní kí ó wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ ò tíì sinmi tí ẹ ti ń ṣí fáìlì."

"Bá mi wo ìlà yìí."

Ó tẹ̀ síwájú. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Èmi ni mo yọ ìràwọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Kọ̀ǹpútà ń dákú mọ́ mi lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n fún un lómi díẹ̀ kó fi gbéra. Mo fẹ́ dá a padà, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ dá a padà."

"Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i."

"Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn."

Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá lẹ́tà mi padà nítorí kọ́mà. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n á rí i. N kò tilẹ̀ padà wò ó mọ́."

Ohun tó sọ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Èmi gbára lé e pé ó ti ṣe é dáadáa, òun gbára lé mi pé mo máa yẹ̀ ẹ́ wò. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe kọjá láàárín àwa méjèèjì láìsí ẹni tó wò ó.

A wá ọ̀nà mìíràn tí kọ̀ǹpútà lè fi gbéra, a dá ìràwọ̀ padà, a tún jàǹbá náà ṣe. Kọ̀ǹpútà lo ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, tuntun ṣì dára ju àtijọ́ lọ. Ó fi wákàtí díẹ̀ jù ú lọ, dípò ọjọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méjì tí a ti kọ. Wákàtí díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré nínú jàǹbá. Èèyàn lè fi gbé ẹ̀rọ omi mìíràn dé. Òótọ́ náà dára fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò omi wa. Ìyẹn gan-an ló mú kí gbogbo rẹ̀ rí mi lára.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó, ó bi mí bóyá mò ń sùn dáadáa. Mo ṣàlàyé. Ó fetí sílẹ̀, kò jiyàn rárá.

Ó ní, "A máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí wàhálà. Fọ́ọ̀mù àtúnṣe nìkan ló kù."

Fọ́ọ̀mù náà ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó fa àṣìṣe. Ó ti kọ nǹkan síbẹ̀ kí n tó dé, nítorí pé mo ti fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tó ń kú lọ ní àkókò náà, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára iṣẹ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè kankan lẹ́yìn èyí. Ó bo ìwọ, ó bo ẹni tó kọ fáìlì. Mo rò pé ohun tí ìyàwó rẹ máa fẹ́ náà nìyí."

"Ṣé o mọ ìyàwó mi ni?"

"Rárá, ó dùn mí pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la fọwọ́ sí káàdì."

Mo ní mo rí i. Mo ní kí ó fún mi di ọjọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì bá mi níbi tí mo páàkì ọkọ̀ sí. Ó ti gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á bó ṣe kọ ọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ parí. Kí ni yóò ṣe Mọ́mì níbi tí wọ́n wà?"

"Kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣé irọ́ ni? Ṣé ẹ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?"

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí gbólóhùn ọ̀gá náà ṣòro láti kọ̀. Èmi gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sílé, tí àwọn mọ́tò ń rọra wọ́ lórí títì márosẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, mò ń tún un sọ nínú ọkàn mi, ó sì ń dùn mọ́ mi létí. Ọkàn mi kò sí lára iṣẹ́. Ta ni ó máa dá mi lẹ́bi?

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa máa ń ṣàkọsílẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò bá ṣí fáìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọ̀gá tó dé, mo wo àwọn iṣẹ́ tí mo ti fọwọ́ sí ní ọdún kan ṣáájú kí ìyàwó mi tó ṣàìsàn. Ara rẹ̀ le nígbà náà. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Méjì wà nínú wọn tí mo fọwọ́ sí láì ṣí fáìlì wọn rí. Ti ọ̀kan, mo rántí ọjọ́ náà: Ọjọ́ Ẹtì ni, mo fẹ́ tètè délé nítorí pé òun kò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo délé, ó bi mí bóyá mo ti ba tòní jẹ́ tán, mo ní ó ti bàjẹ́ pátápátá, a jọ rẹ́rìn-ín.

N kò tíì kórìíra ẹnikẹ́ni bí mo ṣe kórìíra ara mi níwájú kọ̀ǹpútà yẹn. Ikú rẹ̀ kọ́ ló mú mi fọwọ́ sí ohun tí n kò kà. Bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó kàn wá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀gá wa sì fẹ́ kí n gbé obìnrin tí kò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo láì wò ó rí, kí n fi í bo ẹ̀bi mi mọ́lẹ̀, kí ó wà nínú fáìlì ilé iṣẹ́ títí láé pé ikú rẹ̀ ló fà á.

Mo pa gbólóhùn rẹ̀ rẹ́. Mo kọ tèmi sí i: "Mo fọwọ́ sí iṣẹ́ yìí láì ṣí fáìlì rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ méjì mìíràn ṣáájú, nígbà tí kò sí ìṣòro kankan nílé mi." Mo kọ nọ́ńbà iṣẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà, mo fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi kí ó tó di ọ̀sán. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Kí ló dé tí o fi fẹ́ kí wọ́n ka irú èyí nípa ara rẹ?"

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n kà á. Bó ṣe rí nìyẹn."

Wọ́n yọ mí kúrò lára àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Wọ́n tún iṣẹ́ méjèèjì yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan dára, wọ́n rí àṣìṣe nínú èkejì. Ìyá Ìbejì kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, ó gbé fáìlì rẹ̀ tuntun wá sórí tábìlì mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi kò níyì kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ má fọwọ́ sí i o. Ẹ ṣáà bá mi kà á."

Mo kà á. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì, mo sì rí kọ́mà kan tó ṣì lò.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Mo ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní káàdì fún ìyẹn náà, mo sì fi í sínú dúróà láì ṣí i. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èyí. Àtúnṣe ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ní àbọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Mo fúnra mi wo orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò lè fi í ránṣẹ́ sí, ẹni tó bi mí bóyá mo ti kà á, tí mo ní mo ti kà á, tó sì ní kí n wá bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀.